Oko tí ó wà lẹ́yìn ìtàgé: Ẹfúnṣetán Aníwúrà àti ọ̀rọ̀ oko ìdílé ní ìgbèríko Ìbàdàn

Bí a bá ní kí àwọn tí ń múra ìdánwò kọ àròkọ lórí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré-onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí ó jáde ní 1970, ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé ìwà ìkà ni kókó ọ̀rọ̀ inú eré náà, àti pé ẹ̀san kò gbóògùn. Ìdáhùn yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ìkà ènìyàn pọ̀ láyé tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀rù. Ohun tí ó sọ ìkà Ẹfúnṣetán di ohun tí gbogbo ìlú ń wárìrì fún ni ọrọ̀ tí ó ní àti ọwọ́ tí ó ń bá a ṣiṣẹ́. Níbo ni ọrọ̀ náà ti wá? Oko ni. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé òfin tí Ìyálóde náà ṣe, pé ẹrú rẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ lóyún, òfin oko ńlá ni. Àti pé ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin oko ńlá àti oko ìdílé kò lè rí ìdí tí eré náà fi ń bá ìgbèríko Ìbàdàn sọ̀rọ̀ títí di òní.

Oko lẹ́yìn aṣọ ìkélé

Ilé Ẹfúnṣetán ni ojú òǹwòran ń rí jù lórí ìtàgé. Síbẹ̀, ilé náà kò lè dúró láìsí oko. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ tán ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, a kà pé ẹrú tí Ìyálóde yìí ní sí oko nìkan tó 2,000, láìka àwọn tí ó wà nílé mọ́ ọn. Oko tí ẹgbàá ènìyàn ń ro kì í ṣe oko àrojẹ. Irú oko bẹ́ẹ̀ ń bọ́ ilé olówó, ó ń bọ́ àwọn ọmọ ogun, ó sì ń ní ohun títà lérò. Johnson sọ pẹ̀lú pé Ẹfúnṣetán a máa fún àwọn olóyè ní ohun ìjà láwìn. Ohun tí ó hàn nínú èyí ni àyípo kan: ogun ń mú ẹrú wá, ẹrú ń ro oko, oko ń ra ìbọn àti ẹ̀tù, ìbọn àti ẹ̀tù sì ń mú ogun mìíràn wá. Ẹfúnṣetán nìkan kọ́ ni ó wà nínú àyípo yìí. Ọ̀nà tí àwọn olórí ogun Ìbàdàn ń gbà bọ́ ara wọn nìyẹn, púpọ̀ nínú àwọn abúlé tí a ń pè ní ti ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà lónìí ni ó sì bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oko irú àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí ibi tí ìtàn àti eré ti yà kúrò lára wọn. Nínú ìtàn, ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ Látòósà fi kan Ìyálóde ní 1874: kò bá òun lọ sí ogun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí ojú ogun, kò sì wá pàdé òun nígbà tí òun ń bọ̀. Ẹ̀sùn kejì kàn án gbọ̀ngbọ̀n: ọ̀rọ̀ àká àti ọ̀rọ̀ àwìn ni. Nínú eré, ìyà tí ó fi ń jẹ àwọn ẹrú ni ó mú ìlú dìde sí i. Ìṣọ̀lá gbé ìdí ìjà kúrò nínú àká, ó gbé e sínú ọkàn. Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé eré ni èyí, nítorí ọkàn ni eré ń lò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti tún àká náà ṣí.

Òfin oyún

Nínú eré náà, ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹfúnṣetán bí kú lórí ìkúnlẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti pàṣẹ pé ẹrúbìnrin tí ó bá lóyún àti ẹrúkùnrin tí ó bá fún un lóyún, ikú ni èrè wọn. Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì, wọ́n sì pa á. Ìgbìyànjú Ìtáwuyì láti gbẹ̀san já sí òfo. Nígbẹ̀yìn, Látòósà àti àwọn ìjòyè gbógun ti Ìyálóde, òun náà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àwọn lámèyítọ́ kan ṣàlàyé òfin yìí gẹ́gẹ́ bí ìbànújẹ́ tí ó di ìkà: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbé ọmọ pọ̀n. Àwọn mìíràn ní eré náà ba orúkọ obìnrin alágbára jẹ́, nítorí àwọn ọkùnrin tí ó ní ẹrú bíi tirẹ̀ pọ̀ ní Ìbàdàn nígbà náà. Apá méjèèjì ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n ọkàn Ẹfúnṣetán ni àwọn méjèèjì ń wò. Ó tọ́ kí a wo oko rẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ni ọmọ jẹ́ lórí oko? Lórí oko ìdílé, ọmọ ni ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ lọ́la, òun náà sì ni ẹni tí yóò jogún ilẹ̀. Oyún lórí irú oko bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ọ̀la oko ni. Lórí oko ńlá, ohun mìíràn ni oyún. Aboyún kò lè ru ẹrù bí ti tẹ́lẹ̀, ìyá ọmọ ọwọ́ kò lè wà lórí ebè láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹnìkan lè takò ó pé, ní ayé àtijọ́, ọmọ ẹrú ti olówó ẹrú ni, nítorí náà èrè ni oyún Adétutù ì bá jẹ́ fún Ìyálóde. Àtakò náà lágbára, ṣùgbọ́n ìdáhùn méjì wà fún un. Èkíní, ní ìlú tí ogun ti ń kó àgbàlagbà ènìyàn wọlé, kíkó ọwọ́ tí ó ti gbó rọrùn ju títọ́ ìkókó lọ. Èkejì ni ó ṣe pàtàkì jù. Ọmọ tí a bí sí ilé kan ní ìyá níbẹ̀, ó ní orúkọ níbẹ̀, ó ní ilẹ̀ tí a sin ìwọ́ rẹ̀ sí. Kò ní pẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó máa ka ara rẹ̀ sí ọmọ ilé. Oyún ni gbòǹgbò àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ oko ń ta sínú ilẹ̀ tí ó ń ro. Gbòǹgbò yìí ni òfin Ẹfúnṣetán gé.

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Ikú méjèèjì tí òwe yìí mẹ́nu bà ni eré náà gbé síwájú òǹwòran. Ọmọ Ẹfúnṣetán kú, ilé dàrú. Adétutù kú, iṣẹ́ oko gbọdọ̀ máa lọ. Gbólóhùn ìkẹyìn òwe náà ni Ìyálóde kò fẹ́ gbọ́, nítorí bí ó bá gbà pé ẹrú ti ṣe ọmọ rí, yóò gbà pé ẹrú lè di ìyá. Ìtàn sì parí ọ̀rọ̀ lọ́nà tí ó le ju ti eré lọ. Johnson kọ ọ́ pé àwọn ẹrú Ẹfúnṣetán fúnra wọn ni wọ́n lò láti pa á lóru, ní 1874 náà. Ọwọ́ tí ó kọ oko náà ni ó pa olóko.

Ààlà láàrin baba àti ọmọ

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí oko ìdílé fi yàtọ̀, òwe kan wà tí àwọn olùkọ́ mọ̀ dáadáa: oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Nínú kíláàsì, ìtumọ̀ tí a sábà ń fún un ni pé ohun gbogbo ní ìwọ̀n, tàbí pé ẹ̀tọ́ olúkúlùkù yàtọ̀. Ìtumọ̀ yìí tọ́, ṣùgbọ́n ó sáré fi oko sílẹ̀. Kí òwe náà tó di ọ̀rọ̀ ìwà, òfin iṣẹ́ ni. Ọmọ a máa bá baba rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí ó bá sì dàgbà tó, baba a pín ilẹ̀ díẹ̀ fún un, kí ó máa fi àbọ̀ iṣẹ́ ro ó. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń rí owó aṣọ, ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ bí a ti ń jẹ́ olóko. Ààlà kò pín baba àti ọmọ níyà. Ohun tí ààlà ń sọ ni pé ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ìpín nínú ilẹ̀. Lórí oko Ẹfúnṣetán, ààlà irú èyí kò sí. Ti ẹnìkan ni gbogbo rẹ̀.

Àáró àti ọ̀wẹ̀ wà lábẹ́ òfin kan náà. Ẹni tí ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ro oko lónìí mọ̀ pé wọn yóò wá ro tòun lọ́la. Olóko ni í bá olóko ṣe àáró. Ẹrú kò ní oko tí ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò wá bá a ro, bẹ́ẹ̀ ni lébìrà tí ń gbowó ọjọ́ kò ní. Nítorí náà, bí oko ìdílé bá ti ń dín kù, òwe àti ọ̀rọ̀ tí ó ti inú rẹ̀ jáde yóò wà lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìdí wọn yóò máa ṣófo.

Kò yẹ kí a tìtorí èyí sọ oko ìdílé di Párádísè. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kékeré pẹ̀lú lo ìwọ̀fà ní ayé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ni ó bá ọkọ wọn sá kòkó fún ọdún gbọọrọ tí orúkọ wọn kò sí nínú ogún. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì fẹ́ sá fún ọkọ́ baba, kò sì jẹ̀bi. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní January 1955, ayọ̀ ni ó jẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ abúlé. Ìṣọ̀lá fúnra rẹ̀, tí a bí ní 1939, tí ó sì di olóògbé ní 2018, ilé-ẹ̀kọ́ Mẹ́tọ́díìsì ní Lábọ̀dé ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Ohun tí ó dùn mọ́ni nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ó tún kó ọmọ kúrò lórí oko, tí ó sì fi baba sílẹ̀ pẹ̀lú lébìrà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà dá kún un: ọmọ tí ó bá pẹ́ dé tàbí tí ó pariwo, oko ni a ní kí ó lọ ro. Ọmọ tí a fi ọkọ́ jẹ níyà fún ọdún mẹ́fà kò lè gbà gbọ́ mọ́ nígbà tí ìwé kíkà rẹ̀ bá ń yin iṣẹ́ àgbẹ̀.

Láti oko ẹrú dé oko kòkó

Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tú ká ní 1893. Nígbà tí ogun kò mú ẹrú wá mọ́, àyípo tí ó gbé irú Ẹfúnṣetán dìde já. Kòkó ni ó rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọmọ jagunjagun àti àwọn tí ó ti jẹ́ ẹrú rí wọ inú igbó lọ, wọ́n gbin kòkó. Igi yìí kì í yára so. Ó lè tó ọdún márùn-ún kí olóko tó rí èso gidi, ṣùgbọ́n bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, yóò so fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ń gbin irú igi bẹ́ẹ̀ ń ro ti ọmọ. Èyí ni kò yé ìjọba amúnisìn nígbà tí àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú bẹ́ sílẹ̀ ní àyíká Ìbàdàn ní nǹkan bí 1944, tí wọ́n sì rán ènìyàn láti máa bẹ́ igi náà lulẹ̀. Àrùn ni òṣìṣẹ́ ìjọba rí lára igi. Ogún ni àgbẹ̀ rí.

Orúkọ tí àwọn ìwé ẹ̀kọ́ ń pe irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀, alároojẹ, kò bá a mu rárá. Ta ni í ro kòkó jẹ? Àgbẹ̀ kòkó Àkànrán àti Ẹgbẹ́dá ń tà fún gbogbo ayé, ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé ẹlòmíràn ni í dá iye lé e. Ìgbìmọ̀ tí ń ra irè oko ni ó ń sọ iye tí àgbẹ̀ yóò gbà. Èyí tí ó kù ń lọ sínú àpò ìjọba, ara rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, tí ó parí ní 1965. Nígbà tí owó kòkó kò tó mọ́, tí owó orí sì wúwo, àwọn àgbẹ̀ dìde. Ní November 1968, wọ́n wọ́ lọ sí Mápó. Ní September 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgodi. Táfà Adéoyè ti Àkànrán ni orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù nínú àwọn aṣáájú wọn. Orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ wọn, Àgbẹ̀kọ̀yà, yẹ fún ìtúpalẹ̀ nínú kíláàsì: wọn kò pè é ní àgbẹ̀ kọ iṣẹ́, wọn kò sì pè é ní àgbẹ̀ kọ oko. Ìyà ni wọ́n kọ̀.

Ìjà yìí ni Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan fi ṣe eré Morountodun, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1979. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìgbèríko yìí náà ni ó ń sọ̀rọ̀ lé. Títúbí, ọmọ olówó, fẹ́ ṣe bíi Mọ́rèmí: ó wọ àárín àwọn àgbẹ̀ láti tú àṣírí wọn, ṣùgbọ́n bí ó ti ń bá wọn gbé, ó di ara wọn. Bí a bá gbé eré méjèèjì síra, ìyàtọ̀ kan yóò hàn kedere. Ẹrú Ẹfúnṣetán kò ní oko, nítorí náà kò ní ibi tí yóò dúró sí jà. Ìtáwuyì nìkan ni ó dìde, òun nìkan ni ó sì ṣubú. Àgbẹ̀ inú eré Ọ̀ṣọ́fisan ní oko, ó ní abúlé, ó ní ẹgbẹ́. Nítorí náà ìlú ni ó dìde. Ìpín nínú ilẹ̀ ni ó sọ ìbínú ẹnìkan di ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Oko ńlá ti òde òní

Ìpele kẹta ni a wà yìí. Òfin ilẹ̀ tí ó jáde ní March 1978 fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti fi ilẹ̀ oko tí kò ju 500 hẹ́kítà lọ fún ẹnìkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ilẹ̀ tí hẹ́kítà díẹ̀ ti jẹ́ ogún odindi ìdílé. Ọgbà adìyẹ ńlá, ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ẹran àti oko ẹ̀gẹ́ tí katakata ń ro ti wà ní àyíká Ìbàdàn. Ibi tí oko ńlá kò sì dé, ilé kíkọ́ dé: láti Alákíà títí dé Mọ́níyà, oko kòkó àtijọ́ ti di ilẹ̀ tí a ń gé tà ní pílọ́ọ̀tì. Àwọn ọmọ tí baba wọn fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ni wọ́n sì ń tà á, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ ti kọ́ wọn pé orúkọ èébú ni ará oko.

Kò yẹ kí lámèyítọ́ dá oko ńlá lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìlú tí ó tóbi tó Ìbàdàn ní láti jẹun, ẹyin àti adìyẹ tí ń wọ ọjà lójoojúmọ́ kò lè ti ẹ̀yìnkùlé nìkan wá. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 lórí nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà ní Akínyẹlé gba ilẹ̀ oko púpọ̀, ṣùgbọ́n irú ẹ̀gẹ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde dé ọwọ́ àgbẹ̀ kékeré. Ìwádìí Jane Guyer ní Ìdẹ̀rẹ̀ ní Ìbàràpá, láàrin 1968 àti 1988, fi hàn pé àwọn àgbẹ̀ kékeré kò parun nígbà tí katakata dé. Wọ́n ń háyà rẹ̀, wọ́n fẹ oko wọn, wọ́n sì ń bọ́ Ìbàdàn. Òṣìṣẹ́ ọgbà adìyẹ kì í sì í ṣe ẹrú: ó ń gbowó, ó sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí òfin Ẹfúnṣetán gbé dìde kò tíì lọ. Ẹni tí ń bọ́ adìyẹ fún ogún ọdún nínú ọgbà ẹlòmíràn, kí ni ọmọ rẹ̀ yóò jogún níbẹ̀? Ẹnikẹ́ni kò pa á láṣẹ pé kò gbọdọ̀ bímọ. Kìkì pé ọmọ náà kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ilẹ̀ tí òógùn baba rẹ̀ kán sí. Gbòǹgbò kò tún sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó fi idà gé e. Ìyàtọ̀ láàrin ìkà àti àìbìkítà nìyí, ìyàtọ̀ náà sì tóbi. Ṣùgbọ́n ojú ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ mú dání

Nígbà tí ìdánwò bá béèrè kókó ọ̀rọ̀ inú Ẹfúnṣetán Aníwúrà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má dúró sórí ìwà ìkà àti ẹ̀san. Kí ó fi hàn pé agbára Ìyálóde ní ìdí, oko sì ni ìdí náà. Bí ìbéèrè bá jẹ́ lórí ìfìwàwẹ̀dá, kí ó ṣàlàyé ìdí tí òfin Ẹfúnṣetán fi dojú kọ oyún, tí kò dojú kọ olè tàbí ọ̀lẹ. Bí ó bá jẹ́ lórí ìtàn àti eré, kí ó fi ẹ̀sùn mẹ́ta Látòósà wé ohun tí òǹkọ̀wé fi rọ́pò wọn, kí ó sì wo ẹni tí ó pa Ẹfúnṣetán nínú èkíní àti nínú èkejì.

Ní ti olùkọ́, iṣẹ́ méjì wà níwájú rẹ̀. Èkíní ni kí ó tún òwe oko gbé padà sí oko kí ó tó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ìwà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí ààlà jẹ́, ohun tí àáró jẹ́, ẹni tí í ṣe é àti ẹni tí kò lè ṣe é. Èkejì ni kí ó gba ọkọ́ kúrò lára ohun ìjẹni-níyà. Ọmọ tí ó bá ti mọ̀ pé ẹni tí ó ṣẹ̀ nìkan ni í lọ sí oko ti ka Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní àkàdé kí ó tó ṣí ojú ewé rẹ̀ àkọ́kọ́.